Dò-mí ni ìyá, dò-dò ni ìyà: ohun tí démò orin kan kọ́ mi

Kí n tó gbé démò (ohun tá a kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ kí orin tó parí) orin tí mo kọ fún ìyá mi dé ibi ìpàdé wa ní Kubwa, mo ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí èèyàn 14 lórí WhatsApp. Àwòrán iná ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn. "Ó gbóná, bọ̀ọ̀dá!" Àǹtí mi kan tiẹ̀ ní òun sunkún. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àdúrà tí mo ní mò ń gbà fún ìyá mi, èpè ni.

Àwa mẹ́fà là ń pàdé láti gbọ́ orin ara wa, ní pálọ̀ bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́. Àbújá ni, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ọmọ Ígbò kan tó ń ta gìtá, ọmọ Hausa kan láti Kàdúná, ọmọbìnrin Tiv kan tó ń kọ orin ìfẹ́, ọmọ Kábbà kan, Bàbá, àti èmi.

Lọ́jọ́ náà wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń han etí. Gbogbo wa forí sún mọ́ sípíkà kékeré kan tó wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀pà. Nígbà tí orin dé ègbè, Bàbá dáwọ́ dúró. Ẹ̀pà tí wọ́n ti pa èèpo ẹ̀ tán ò dé ẹnu wọn mọ́.

"Ta ló ń ṣépè fún ara ẹ̀ báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni "Ìyá mi á pẹ́ láyé o." Ṣùgbọ́n ohùn orin tí mo gbé lé e kò gòkè níbi "yá". Dò-mí ló yẹ kó jẹ́, dò-dò ni mo kọ. Ohun tó wá ń jáde ni "Ìyà mi á pẹ́ láyé o", lẹ́ẹ̀mẹjọ gbáko nínú orin kan. Ọmọ Kábbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò fi gbọ́ ọ? Mo ti mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, ọkàn mi ló ń bá etí mi tún un ṣe. Àwọn èèyàn 14 yẹn náà ńkọ́? Mo ti kọ "Orin Ìyá Mi" sókè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í sọ àkọlé orin fẹ́nikẹ́ni kó tó gbọ́ ọ, mi ò sì ń béèrè pé "ṣé ó dáa?" Ta ló máa sọ fún ọ lójú pé kò dáa? "Kí lẹ gbọ́?" ni mò ń béèrè. Kí wọ́n sọ ìtàn orin náà padà fún mi lẹ́nu ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Bàbá ní ọ̀ràn yìí ti wà tipẹ́. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn òyìnbó ni wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n tò lé e lórí, ọ̀rọ̀ mìíràn a sì di nǹkan ọ̀tọ̀ lẹ́nu ìjọ. Ohun tó mú kí orin àwọn bíi Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, dùn mọ́ni létí nìyẹn: ohùn ọ̀rọ̀ ni orin wọn ń tẹ̀ lé. Ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin wọn sílẹ̀ ní London lọ́dún 1922. Èmi wá jókòó sí Kubwa pẹ̀lú gìtá, mo tún lọ ṣe irú àṣìṣe kan náà tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe.

Ẹ má rò pé ẹni tí kò gbọ́ èdè yín ò wúlò o. Ọmọ Kàdúná yẹn ò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ní orin náà dáa. Ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ọwọ́ ẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì tá a tẹ orin náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló fa fóònù yọ, níbì kan náà, kí ègbè tó wọlé. Mo lọ wò ó, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni mo fi ń ta gìtá lásán kí n tó kọrin. Mo gé e kù sí 12.

Ìmọ̀ràn tí mi ò gbà náà pọ̀. Onígìtá wa fẹ́ kí n sọ ọ́ di háílàìfù. Ọmọ Kábbà fẹ́ amapiano. Ohun tó wu kálukú láti kọ ló ń rí nínú orin mi. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mi ò jiyàn, nítorí mo ti jiyàn rí níbòmíràn: mo gbèjà ìlà kan fún bí ogún ìṣẹ́jú, látọjọ́ náà wọn ò sọ òótọ́ fún mi mọ́ níbẹ̀, "ó dáa" ni ṣáá. Bí èèyàn méjì tí èrò wọn kì í bára mu bá kọsẹ̀ níbì kan náà, mo máa lọ wo ibẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n dá lábàá, ìyẹn kù sọ́wọ́ mi.

Fóònù àti gìtá ti tó fún démò. Nígbà kan mo san 45,000 náírà ní sítúdíò kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin. Báàsì ni gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, bẹ́ẹ̀ ìlà kejì ló bàjẹ́. Owó tí mo ti ná ò sì jẹ́ kí n fẹ́ tún un kọ.

Bí ẹnì kan bá fún yín ní ìlà kan tẹ́ ẹ lò ó, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìpín kálukú nínú orin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àjọ NCC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ wà ní Àbújá níbí (kì í ṣe NCC tí fóònù o, ẹ má lọ gba ẹnu ọ̀nà wọn), ẹ lè fi orin yín tó wọn létí.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ègbè yẹn ṣe. Mo pe ìyá mi ní Ìlọrin, mo tẹ̀ ẹ́ sí wọn létí. Wọ́n ní, "Áà, èyí dùn. Ti ìjọ́sí yẹn ni mi ò mọ ohun tó ń jẹ ọ́ níyà."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Àwọn gan-an ni mo kọ́kọ́ tẹ démò náà fún, ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n béèrè pé, "Ìyà wo ló ń jẹ ọ́ ní Àbújá?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Lọ́jọ́ kejì, 5,000 náírà wọ àkáǹtì mi láti Ìlọrin. Mo ná an, mi ò béèrè ohun tó wà fún.