Àpótí ìfín-ọ̀dà: fáànù ti wọlé

Bọ̀lẹ̀kájà kékeré tí mo ń kàn ti dúró látìgbà tí ìyàwó mi ti fòfin de ọ̀dà nínú ilé. Fífín in níta kò ṣeé ṣe, torí ọyẹ́ ti gba Àkúrẹ́, eruku ò sì ní jẹ́ kí ọ̀dà tútù gbádùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kan àpótí tí mo máa gbé ọkọ̀ náà sí fín, kí fáànù máa fa òórùn ọ̀dà jáde nínú rẹ̀. Ara àpótí ti parí: plywood ni, mo kun inú rẹ̀ ní funfun.

Fáànù ló gba ọgbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì àdúgbò wa fẹ́ fún mi ní fáànù redíétọ̀. "Àbúrò, èyí á fa ẹ̀mí jáde!" Ó lágbára lóòótọ́, àmọ́ káábọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ máa ń ta iná wínníwínní bó ṣe ń yí. Bẹ́ẹ̀, gáàsì tó ń ti ọ̀dà jáde nínú ọ̀pọ̀ agolo, propane àti butane ni, àwọn kan náà tá a fi ń dáná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ ra fáànù ilé ìdáná tí kò ní káábọ̀nù. Síwíìsì rẹ̀ wà lára ògiri, ó jìnnà sí àpótí.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹnu àpótí wọlé ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu tèmi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ó ga tó 1.5, ìyẹn ni pé fáànù gbọ́dọ̀ fa afẹ́fẹ́ tó 300 cubic feet ní ìṣẹ́jú kan. Páálí fáànù ní 250, fóòmù tó ń sẹ́ eruku ọ̀dà àti páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ jáde á sì tún jẹ nínú ẹ̀. Mo bá fi rọ́bà tó mọ́ gaara dí òkè ẹnu náà ní ínṣì 6. Ohun tí fáànù gbọ́dọ̀ fà wá ku 200.

Lálẹ́ àná mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn síbi tí ọkọ̀ máa jókòó. Èéfín rẹ̀ gbéra, ó tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fà létí, ó wọ inú fóòmù lọ. Ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ńkọ́? Ó ń pòòyì, ó ń padà wá sójú mi. Mo fi páálí dábùú igun náà, ó lọ. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá pa, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà gọ̀ọ́gọ̀ọ́: fáànù ò lè lé afẹ́fẹ́ síta bí òmíràn ò bá ríbi wọlé. Ilẹ̀kùn á máa ṣí díẹ̀ nìyẹn.

Eruku ọ̀dà nìkan ni fóòmù ń mú, òórùn tínà ń kọjá, ló fi di dandan kí páìpù jáde lójú fèrèsé. Màmá onílé ti kìlọ̀ pé kí n má kọjú ẹ̀ sí okùn aṣọ àwọn. Ìbòmú tí a lò nígbà kòrónà ò sì lè dá òórùn yẹn dúró. Èyí tó ní èédú nínú ni mò ń lò.

Ó ku gílóòbù LED. Bí wọn ò bá mú iná lọ, abẹ́ ọkọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ fín.