Ó tún ti dé sí ìgbọ̀nwọ́ mi

Oorun ò kùn mí lóru àná. Inú ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún ni ara yíyún yìí máa ń kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ náà ló tún ti bẹ̀rẹ̀. Lójú oorun ni mo ti ń họ ọ́. Ìgbà tí mo fi máa tanná, ojú ibẹ̀ ti pọ́n, awọ ti ń bó wínníwínní, ẹ̀jẹ̀ sì wà léèékánná mi.

Eczema ni dókítà pè é. Awọ ara mi kì í lè dá omi dúró bó ṣe yẹ, kíá ló máa ń gbẹ. Tó bá ti gbẹ, á máa yún mi, bí mo bá sì ṣe ń họ ọ́ ló ń yún sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń wẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà. Kí ara tó gbẹ tán, mo ti fi ìpara tó ki pa á. Ìpara tí dókítà fún mi ní tirẹ̀, ojú ibi tó ń yún nìkan ni mo ń fi í sí, iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí n lò ó náà ni mo ń lò ó.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹni tó rí apá mi nínú ọkọ̀ lánàá tó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ràn! Ẹ lè bọ̀ mí lọ́wọ́, ẹ lè dì mọ́ mi. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló ní in, ẹ tiẹ̀ má lé e kúrò nídìí eré.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ń ṣe, kí lẹ máa ń ṣe sí i lóru? Aṣọ tí mo fi omi tútù rin ni mo fi lé e títí ilẹ̀ fi mọ́.