Ìwé Ọyẹ́ Mi ní Èbúté Mẹ́ta

Alágbàfọ̀ ni mí. Bí ọyẹ́ bá ti kọ́kọ́ fẹ́ ni mo ti ń ṣí ìwé. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọ iye tí tẹmómítà ara ògiri kà ní ìdájí, aago tí fóònù sọ pé oòrùn àti òṣùpá yóò yọ, àti bóyá mo rí Bíríìjì Third Mainland láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Lọ́jọ́ tí n kò bá rí i, n kì í sá aṣọ funfun.

Láti aṣálẹ̀ Sahara ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku yìí bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ànkàrá á gbẹ kí n tó fọ èkejì tán, ṣùgbọ́n léèsì funfun á pọ́n lórí okùn. Mo ti fọ léèsì ìyá ìyàwó kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọwọ́ mi sì là.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ, tí ojúmọmọ kúrú jù lọ́dún, ni oòrùn ń pẹ́ yọ jù. Rárá o! Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bí 6:52 ló ń yọ. Tó bá di ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ti di 7:04. Mo yẹ ìwé ọdún mẹ́ta wò, bákan náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ló là á yé mi: ayé fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ló sì ń sáré jù lọ yí oòrùn ká, torí ìgbà náà ló súnmọ́ ọn jù. Ọ̀sán gangan wa á wá sún láti bí 12:44 dé bí aago 1. Oòrùn pẹ́ yọ, ó sì pẹ́ wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó gùn yẹn ti gba aṣọ oníbàárà mi là lọ́pọ̀ ìgbà.

Àbúrò mi ní London fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ 21 yẹn: oòrùn yọ lẹ́yìn aago 8, ó wọ̀ kí aago 4 tó lù. Ojúmọmọ tiwa lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú yàrá ló ń sá aṣọ sí.

Ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 ni òṣùpá àrànmọ́jú bọ́ sí. Ó yọ kí oòrùn tó wọ̀, ó pupa nínú eruku. Kò síná ládùúgbò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo fi kó aṣọ wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo tún jókòó dè é. Ó tó bíi wákàtí kan sí àsìkò ti àná kó tó yọjú, okùn aṣọ ti ṣófo, èmi nìkan ló kù ní ẹ̀yìnkùlé.