Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kọ́ńtíráàtì eléré ìdárayá: ta ni àṣírí owó ń gbè?

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ aṣojú eléré ìdárayá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tipẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n tu ú jáde báyìí ni pé láìpẹ́ yìí ọ̀kan nínú yín ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú kọ́ńtíráàtì oníbàárà ẹ̀, ó gbé e sórí status WhatsApp, ó kọ "Ọlọ́run ṣé é o" sábẹ́ ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí iye yẹn fi dé etí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà nínú tíìmù. Ẹlòmíì náà tún wá jẹ́ kí oníbàárà tiẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó ní kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó tó ń gbà, ẹnikẹ́ni pátápátá o, wọn ò yọ lọ́yà sílẹ̀, wọn ò yọ òbí sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì sì ń yọ̀. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ tò kalẹ̀, ní kúkúrú, kí kálukú máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ìkíní. Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ kọ́ lowó tó máa wọ àpò eléré. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ìwé onígbọ̀wọ́ bàtà, pàápàá fáwọn eléré orí pápá, ẹ máa rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tó bá ja wálẹ̀ sí ipò báyìí lágbàáyé, tàbí tí kò bá sáré tó iye ìgbà báyìí lọ́dún, wọ́n máa gé owó ẹ̀. Ọ̀rọ̀ gígé owó yìí ló gbé Boris Berian, eléré mítà 800 ti Amẹ́ríkà, dé kóòtù ní 2016. Ilé-iṣẹ́ bàtà New Balance fẹ́ máa fún un ní 125,000 dọ́là lọ́dún, Nike ní àwọn náà máa san irú iye kan náà, pé eléré àwọn ni, wọ́n pè é lẹ́jọ́. Àwọn tó ń gbẹjọ́ Berian rò ní ti New Balance ò ní gígé owó nínú, ti Nike ní. Nígbà tó yá Nike fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ìwé kóòtù ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ eléré mọ bí irú kọ́ńtíráàtì bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nínú. Ká ní wọn ò bá ara wọn ṣẹjọ́ ńkọ́?

Ìkejì. Àṣírí kì í gbe ẹni méjèèjì bákan náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbọ̀wọ́ ní ọgọ́ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì nínú dúrọ́ọ̀, ó mọ iye tó ń san fún kálukú, ó mọ ẹni tó tètè máa ń gbà, ó mọ ẹni tí gbèsè ń dà láàmú. Eléré tó jókòó sí iwájú ẹ̀ ní ìwé ẹyọ kan ṣoṣo, tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún ní kó má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni, wọ́n á ní torí ààbò tiẹ̀ ni. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, ọ́fíìsì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi ni mò ń to fáìlì, èmi ni mò ń ka ìwé, èmi ni mò ń ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tówó bá pẹ́. A ní obìnrin méjì tí wọ́n ń sáré mítà 400, ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan náà ló gbọ̀wọ́ àwọn méjèèjì. Èyí tó máa ń ṣíwájú èkejì nínú eré, owó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti èyí tó ń lé e lẹ́yìn, torí ó ti fọwọ́ síwèé nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn lè fi kún ọdún ẹ̀ ní iye kan náà. Fáìlì àwọn méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló máa ń wà lórí tábìlì mi.

Èyí tówó ẹ̀ kéré yìí wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tó fẹ́ tún ìwé ẹ̀ ṣe. Ọmọ tó ní ìwà ni, ó máa ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó yìí dáa fún ẹni tó wà nípò tèmi?" Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti dáhùn: "Kò sẹ́ni tó ń gbà jù báyìí lọ nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sáré." Lójú mi kòrókòró. Fáìlì ti èkejì sì wà lábẹ́ ìgúnpá mi níbẹ̀. Ìwé ti dè mí lẹ́nu, tí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́n lè pe èmi àti ẹni tó ni fáìlì náà lẹ́jọ́, ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tọ́kàn ẹ̀ fi balẹ̀. Ọmọ náà gba báírò, ó fọwọ́ sí i, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn, inú ímeèlì ni mo ti wá rí i: ilé-iṣẹ́ kan náà yìí ni ọ̀gá ń bá dúnàádúrà fún gbajúmọ̀ kan tó ju àwọn méjèèjì lọ, tí owó tó máa kan ọ̀gá níbẹ̀ pọ̀. Ó dẹwọ́ fún wọn lórí ọmọ yìí kí tọ̀hún lè rọrùn. Ó wà nínú ímeèlì, wọ́n kọ ọ́ dúdú lórí funfun.

Nígbà tó yá, níbi ìdíje kan, nínú yàrá táwọn eléré ti máa ń dúró kí wọ́n tó pè wọ́n sórí pápá, èkejì ń ráhùn. Ó ní owó tí wọ́n ń fún òun ti kéré jù, ó dárúkọ iye. Kò mọ̀ rárá pé ẹni tó jókòó ti òun ń gba ìdajì iye yẹn, ẹ̀dùn ọkàn tiẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n pè wọ́n, wọ́n jáde, ọmọ tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n yẹn sì sáré bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lẹ́sẹ̀. Sáà yẹn ò dáa fún un mọ́ látọjọ́ yẹn, ipò ẹ̀ ja wálẹ̀, ìlà gígé owó tí ọ̀gá ní kó má dà á láàmú jí dìde, wọ́n gé e.

Kò pe ọ̀gá. Èmi ló pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?" Ó sì gé fóònù kí n tó sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn gbọ́ pé iye ti hàn, wọ́n bínú, ọ̀gá sì nílò ẹni tó máa dì í rù. Ó ní èmi ni mo sọ ọ́ jáde. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa lọ nìyẹn. Títí dòní àwọn kan ṣì wà nídìí iṣẹ́ yìí tí wọ́n ń sọ pé ẹnu mi ò sé. Kò dùn mí mọ́, irọ́, ó ń dùn mí. Ọ̀gá yẹn ṣì ń gba àmì ẹ̀yẹ kiri, wọ́n ń pè é kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà òtítọ́. Ọmọ yẹn ti fi eré sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀gá tèmi ló kọ́kọ́ dá irú àṣà yìí. Àwọn tó ń gbá hockey orí yìnyín mọ̀ ọ́n. Alan Eagleson ló ń darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn eléré NHL, líìgì hockey ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kan náà ló tún ń ṣe ejẹ́ǹtì fún Bobby Orr, gbajúmọ̀ nínú eré náà. Nígbà tí Orr fẹ́ kúrò ní Boston Bruins ní 1976, Bruins ti ní àwọn máa fún un ní ìpín 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ ọ̀hún, Eagleson ò sọ fún un. Ẹ tún un kà o, wọ́n fẹ́ fi èèyàn ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́, aṣojú ẹ̀ fi pamọ́ fún un. Ní 1998 ni Eagleson gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì.

Ṣáájú ìyẹn ni ti Gordie Howe, òun náà gbajúmọ̀ nínú hockey. Wọ́n ti fi yé e tipẹ́ pé òun lowó ẹ̀ pọ̀ jù ní Detroit Red Wings, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó ń fọwọ́ síwèé lọ́dọọdún. Ọdún 1968 ni Bob Baun tí wọ́n jọ wà nínú tíìmù là á mọ́lẹ̀ fún un, ó sọ iye tó ń gbà. Howe, ẹni ogójì ọdún, wá rí i pé àwọn méjì wà níbẹ̀ tówó wọn ju tòun lọ. Ó lọ bá ẹni tó ni ẹgbẹ́, wọ́n sì sọ owó ẹ̀ di 100,000 dọ́là. Kò gba ìdasẹ́sílẹ̀, kò gba kóòtù, ẹnu èèyàn kan ṣoṣo ni. Owó yẹn ti wà nílẹ̀ látijọ́ nìyẹn! Nígbà tó di nǹkan bí 1990, táwọn eléré NHL gbé owó wọn síta, owó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́tùn-ún lósì.

Torí náà tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá ó yẹ kí owó eléré hàn síta, bẹ́ẹ̀ ni mo máa wí. Láti 2007 ni ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù MLS ní Amẹ́ríkà ti ń gbé owó oṣù gbogbo wọn síta, orúkọ àti iye, líìgì náà ò sì wó. Àwọn tó bá sọ fún yín pé ìlara máa tú tíìmù ká, ẹ bi wọ́n pé ṣé ìlara ò sí níbi tí wọ́n ti ń bò ó ni, níbi tí kálukú ti ń méfò iye tí ẹnìkejì ń gbà, tó sì sábà máa ń méfò ju bó ṣe wà lọ.

Àmọ́ gbígbé síta yàtọ̀ sí jíjò. Ní oṣù kìíní 2021, ìwé ìròyìn El Mundo ní Sípéènì gbé kọ́ńtíráàtì Messi jáde, 555,237,619 yúrò fún sáà mẹ́rin. Barcelona wà nínú gbèsè nígbà náà, Messi làwọn èèyàn kọ́kọ́ kọjú sí. Ṣé òun ló fọwọ́ sí i lórúkọ ẹgbẹ́ ni? Ẹni tí ìwé ẹ̀ nìkan bá jáde, òun nìkan ni wọ́n máa sọ̀kò lù. Tó bá jẹ́ pé ti gbogbo èèyàn ló jáde lọ́jọ́ kan náà, títí kan owó àwọn ejẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, máa ń sọ lọ́dọọdún àpapọ̀ owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san fáwọn aṣojú, ṣùgbọ́n wọn ò pín in sórí eléré kọ̀ọ̀kan. Tèmi ni pé kí wọ́n pín in. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa fajú ro, owó wa ni mò ń sọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti owó onígbọ̀wọ́ tí àjọ eré ìdárayá gbà lórúkọ àwọn eléré, kò yẹ kó mú àríyànjiyàn dání rárá. Àyà wọn ni àmì ilé-iṣẹ́ wà, kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ síta. Ti ilé-iṣẹ́ aládàáni àti eléré kan ṣoṣo ló díjú díẹ̀. Mo lè gbà pé kí iye pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn du ọjà, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n lè gé owó, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tó bá lóyún, ta ló láṣẹ láti fi kún ọdún, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí. Alysia Montaño àti Kara Goucher, obìnrin méjì tí wọ́n ń sáré fún Amẹ́ríkà, ní láti tẹ ìwé àṣírí mọ́lẹ̀ ní 2019 kí ayé tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eléré tó bá lóyún. Allyson Felix tóun náà ń sáré fún Amẹ́ríkà wá sọ pé Nike fẹ́ san iye tó fi ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti tẹ́lẹ̀ fún òun. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Nike yí i padà, oṣù 18 tí wọn ò ní gé owó ẹni tó bá lóyún. Ó tó ọdún mélòó tí àwọn obìnrin ti ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́, àmọ́ àwọn yìí, wọ́n sanwó fún wọn kí wọ́n dákẹ́ ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ti bá ìtàn lọ, ẹ ṣe é ní àforíjì. Ẹ jẹ́ n kúkú sọ èyí tẹ́ ẹ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́la. Nínú ẹ̀ṣẹ́, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2000 tí wọ́n fi orúkọ Muhammad Ali pè ní dandan ni kí ẹni tó ń ṣètò ìjà sọ iye tó ń gbà lórí ìjà náà fún abẹ̀ṣẹ́ fúnra ẹ̀. Kò tiẹ̀ ní kó sọ fáráyé, ẹni tó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ ni kó sọ fún. Ẹ mú àpẹẹrẹ yẹn wọ inú ìwé tẹ́ ẹ bá ń kọ. Kí ìlà àṣírí yọ lọ́yà, ẹgbẹ́ eléré, ìdílé, àti òṣìṣẹ́ owó orí sílẹ̀. Kí aṣojú kọ iye tòun síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo oníbàárà tó ń bá ilé-iṣẹ́ kan náà sọ̀rọ̀ fún. Wọ́n máa ní kò ṣeé ṣe. Mo ti bi lọ́yà ilé-iṣẹ́ kan rí pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ìlà yẹn bò fún wọn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn ṣe máa ń kọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, ó mú báírò, ó fa ìlà sí i lórí.