Ìbéèrè oníbàárà ni mo fi ń kọ ìpolówó ọjà

Ìwé ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo kọ fún Ìyá Ẹlẹ́ja kò mú ju oníbàárà mẹ́ta lọ wá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà 2,000 ni a tẹ̀ ní Ṣómólú, tí a sì pín káàkiri láti Yàbá títí dé Èbúté Mẹ́ta. Mo ṣì ní ẹyọ kan lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ gàdàgbà sí orí rẹ̀ ni pé: "Ẹja gbígbẹ tó dára jù lọ ní gbogbo Èkó! Ojúlówó ni, owó pọ́ọ́kú ni, ẹ tètè wá rà á!" Àwòrán ẹja wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà níbẹ̀, àwọ̀ pupa sì gbilẹ̀ lára bébà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní òdìkejì títì yóò fi rí i. Nígbà tí mo bi Màmá léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé báwo ni ọjà, wọn kò bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o kọ síbẹ̀ yìí ni ẹni tí ẹja rẹ̀ ti bàjẹ́ náà máa ń wí."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára ń sọ pé ọjà òun dára, ẹni tí tirẹ̀ kò dára náà ń sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kò ran ẹni tó mú owó dání lọ́wọ́ rárá láti mọ ìsọ̀ tí yóò yà sí. Àwọn àgbà Èkó sọ pé ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé bí ìwé mi náà kò bá jáde rárá, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n gbà mí láàyè láti jókòó ti àwọn ní ìsọ̀ wọn ní Òyìngbò láti òwúrọ̀ títí ọjà yóò fi tú. Mi ò ta nǹkan kan. Ìwé kékeré kan àti bírò ni mo mú dání, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí àwọn tó yà sọ́dọ̀ wọn béèrè sílẹ̀, bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́. Arábìnrin kan mú ẹja kan, ó gbé e sí imú, ó ní: "Màmá, ṣé èyí ò ní korò báyìí? Èyí tí mo rà lọ́jọ́sí ba odindi ìkòkò ẹ̀fọ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Òmíràn ń fi èékánná ha ikùn ẹja, ó ń wá iyanrìn. Bàbá kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìlú Ọba fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò kò ní ti jẹ ẹ́ kí ó tó dé ọ̀hún. Ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó béèrè bóyá ẹnì kan lè máa bá òun gbé e sọdá afárá, nítorí pé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò jẹ́ kí wíwá sí Òyìngbò wu òun mọ́. Àwọn kan sì béèrè pé kí ló dé tí ẹja náà fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìbéèrè mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó àwọn tó jọra pọ̀, márùn-ún péré ni wọ́n. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó béèrè bóyá ẹja Màmá ló dára jù lọ ní gbogbo Èkó.

Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni bí Màmá ti ń dáhùn. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìkorò, wọ́n á ṣàlàyé fún un pé òróòro tó fọ́ sínú ẹja nígbà tí wọ́n ń yọ ìfun rẹ̀ ló máa ń fa ìkorò, àti pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fi omi iyọ̀ fọ ẹja náà. Ẹni tó ń bẹ̀rù kòkòrò, wọn kì í bá a jiyàn, wọ́n á mú ẹja kan, wọ́n á ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀, yóò sì dún "kán!", nítorí ẹja tí omi bá ṣì wà lára rẹ̀ ni kòkòrò àti èéhù tètè máa ń bá jà, irú ẹja bẹ́ẹ̀ a sì máa tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Ní ti iye owó, wọ́n á ní kí onítọ̀hún rántí pé kílò mẹ́ta sí mẹ́rin ẹja àrọ̀ tútù ló ń gbẹ di kílò kan. Mo rí i tí ojú àwọn ènìyàn ń tú ká bí wọ́n bá gbọ́ èyí, tí wọ́n á sì máa ṣí àpamọ́wọ́. Ẹnu Màmá ni ìpolówó wà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò tẹ́tí sí i.

Ìwé kejì tí a tẹ̀ kò ní àwọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ nìyí:

"Ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí kò ní korò nínú ọbẹ̀ yín. Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni a ń fi ọwọ́ yọ òróòro rẹ̀, omi iyọ̀ ni a fi ń fọ̀ ọ́, orí èédú ló sì ń wà títí yóò fi gbẹ dé eegun. Ẹ ṣẹ́ ẹ: bí kò bá dún kán, ẹ dá a padà, ẹ ó gba owó yín. Kílò mẹ́ta sí mẹ́rin tútù ló di kílò kan yìí. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a ń gbé e dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ pè wá kí ó tó di agogo méjì ọ̀sán ọjọ́bọ̀."

Ìlà àkọ́kọ́ ló gbà mí lákòókò jù, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kà tí wọ́n á fi pinnu bóyá wọn yóò ka ìyókù. Mo fi ìkorò síwájú nítorí pé òun ni ìbéèrè tó pọ̀ jù nínú ìwé mi, àti nítorí pé ẹni tí ẹja kíkorò ti ba ọbẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rí kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè é kí ó wá gbọ́. Nínú ọ̀sẹ̀ tí a pín ìwé náà, ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló pe Màmá.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nípa Claude Hopkins, ará Amẹ́ríkà tó fi ìpolówó kíkọ jẹun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ilé-iṣẹ́ ọtí Schlitz ní ìlú Milwaukee gbé iṣẹ́ fún un nígbà tí gbogbo àwọn apọntí ń pariwo pé ọtí àwọn mọ́ gaara. Dípò kí ó jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa wá ọ̀rọ̀ dídùn, ó lọ wo bí wọ́n ti ń pọn ọtí náà. Ó rí yàrá onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ nìkan ń wọ̀, ó rí àwọn kànga jíjìn tí omi wọn ti ń wá, ó sì rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fọ ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ èyí fún aráyé, wọ́n ní nítorí pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ọtí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Hopkins kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọjà Schlitz sì gbèrú. Àwọn ẹlẹ́ja mìíràn ní Òyìngbò náà mọ bí a ti ń yọ òróòro. Màmá nìkan ni ìwé rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye owó ń dùn mí gidigidi, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń bá àwọn oníṣòwò jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ wo ojú Instagram àwọn tó ń ta aṣọ ní Balógun àti àwọn tó ń ta bàtà ní Yàbá: àwòrán á dára, oníbàárà á béèrè pé "Èló ni?", èsì tí yóò gbà ni pé kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé alábàádíje yóò rí iye tí àwọn ń tà á, àwọn kan fẹ́ wo ojú oníbàárà kí wọ́n tó dá iye, àwọn mìíràn sì ń sọ pé ọjà ń gbówó lórí láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni mo kà sí, òun náà sì ní àtúnṣe: ẹ kọ iye náà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò dúró dà. Ẹni tó béèrè iye owó ti fẹ́ rà á tán nínú ọkàn rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó tún kan ilẹ̀kùn mìíràn, àárẹ̀ yóò mú un, yóò sì kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi pamọ́. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ.

Àwọn tí ń kiri ọjà mọ gbogbo èyí kí West African Publicity Limited tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà ní ọdún 1928. Ẹ fetí sí ìpolówó wọn dáadáa. Ẹlẹ́kọ kì í ké pé ẹ̀kọ òun ni aṣáájú. "Gbígbóná" ni yóò ké, nítorí ẹni tó jí ní òtútù fẹ́ nǹkan gbígbóná. Ẹni tó pe mọ́ínmọ́ín rẹ̀ ní ẹlẹ́mìí méje ti mú kí a máa ka ẹyin, ẹja àti edé inú rẹ̀ lọ́kàn kí a tó rí ewé tí a fi pọ́n ọn. Ọmọ tó sì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ó parí, nítorí náà orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ ìpolówó ní èdè Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. "Igbá", "igba" àti "ìgbá" kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tó sì ń ta ìgbá ní igba náírà kò yẹ kí ó dá òǹkàwé dúró láti máa tú àdììtú. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣírò bí ó bá jẹ́ orí fóònù ni ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí: ojú ewé kan àtẹ̀jíṣẹ́ SMS ń gba àmì-lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹyọ lẹ́tà kan bíi ẹ, ọ tàbí ṣ bá ti wọ inú rẹ̀, 70 péré ni yóò gbà, owó tí ẹ ó san yóò sì lè ju ìlọ́po méjì lọ. Ìwé títẹ̀ àti WhatsApp kò ní ìṣòro yìí. Fún SMS, ńṣe ni mo máa ń gé ọ̀rọ̀ náà kúrú títí yóò fi wọ inú 70.

Mo ti kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan rí. Ẹnì kan tó ń ta ọṣẹ ní kí n kọ ọ́ pé ọṣẹ rẹ̀ ń wo gbogbo àrùn awọ sàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi í pé ta ló rí i tó wò sàn, kò rí ẹnì kan dárúkọ. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, òfin ọdún 2022 tó dá ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, sílẹ̀ sì fẹ́ kí a yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde. Ṣùgbọ́n bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, ìyá ọlọ́mọ tí yóò ra ọṣẹ náà nítorí ọ̀rọ̀ mi ni mo rò, mo sì dá owó àsansílẹ̀ ọlọ́ṣẹ náà padà fún un.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá pè yín pé níbo ni wọ́n ti rí yín àti ọ̀rọ̀ wo ló mú wọn pè. Màmá ti gbé èyí kọjá ohun tí mo kọ́ wọn. Ìwé kan wà ní ìsọ̀ wọn báyìí tí ọmọ tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ń kọ ìbéèrè àwọn oníbàárà sí, wọ́n sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí mi ní ìparí oṣù. Nínú ti oṣù tó kọjá, ìyá ọlọ́mọ mẹ́sàn-án ló béèrè ohun kan náà: "Ṣé ẹ lè bá wa lọ̀ ọ́ kúnná, kí a lè máa bù ú sí ògì ọmọ?" Màmá ti ra ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n sì ti ń yọ gbogbo eegun ẹja kúrò kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. "Ẹja lílọ̀ fún ògì ọmọ yín, eegun kankan kò sí nínú rẹ̀" ni ìlà àkọ́kọ́ ìwé tuntun tó wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú bí mo ti ń kọ èyí.