Ta Ló Ń Dáná Sábẹ́ Ilẹ̀?

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Ìkògòsì ní Èkìtì ni. Orúnkún ń ro mí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí kí n tó sùn.

Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, mo ki tòsì bọ èkejì. Yéè! Ọ̀tún ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, òsì ń gbọ̀n. Wọ́n ní ní orísun, ooru èyí tó gbóná tó nǹkan bí 38°C. Àbíkẹ́yìn wa tẹjú mọ́ omi títí, ó ní, "Dádì, ta ló ń dáná sábẹ́ ilẹ̀?" Mi ò rí èsì fún un. Ló bá de awò ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́jú, ó dojú bolẹ̀ nínú omi tí kò tó o dé orúnkún, ó ń pariwo pé òun rí ẹja. Ewé ni o!

Lọ́jọ́ kejì, a gun òkè tí omi Àrìnta ti ń já wálẹ̀ n'Ípólé-Ìlórò. Ìyá wọn tó máa ń ráhùn nítorí àtẹ̀gùn ilé ló ṣáájú. Ó ń ké látòkè: "Bàbá Tólú, ṣé kí n wá pọ̀n yín ni?"

Ta ló ti ki ẹsẹ̀ bọ omi méjèèjì rí? Báwo ló ṣe rí lára yín?