Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ta iyán

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni àkísà èjìká rẹ̀. Ẹ mọ irú èyí tí mò ń wí. Òun ni wọ́n á fi nu tábìlì, òun ni wọ́n á fi sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, òun ni wọ́n á fi nu òógùn ojú. Tí oníbàárà bá wá jókòó, òun náà ni wọ́n á fi nu abọ́ tí wọ́n fẹ́ bu ọbẹ̀ sí, kó lè dán. Ọmọ tó bá ti ṣiṣẹ́ ní búkà mìíràn rí kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Iyán ni mò ń tà, ní Adó-Èkìtì níbí, níbi tí èèyàn ò ti gbọdọ̀ fi iyán ṣeré. Iyán sì yàtọ̀ sí ọbẹ̀ o. Ọbẹ̀ tí ọwọ́ kàn, a ṣì lè dá a padà sórí iná. Iyán kò ní iná kejì. Bí iṣu bá ti jinná tó bọ́ sínú odó, ọwọ́ ló kù: ọwọ́ tó ń yí i, ọwọ́ tó ń bù ú, ọwọ́ tó ń wé e sínú ọ̀rá. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ tó gún un, ẹnu oníbàárà ló ń lọ tààrà.

Wọ́n ti pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmọ́tótó oúnjẹ rí. Gbọ̀ngàn tó tutù nini, Òyìnbó látòkè délẹ̀, mííìtì páì àti mínírà, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti kọ orúkọ wa sí kí a tó débẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò burú. Nǹkan márùn-ún tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, máa ń tẹnu mọ́ ni: ká wà ní mímọ́, ká ya ohun tútù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti jinná, ká se oúnjẹ jinná dénú, ká má jẹ́ kí oúnjẹ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ nílẹ̀, ká lo omi àti èròjà tó dára. Wọ́n tún ní WHO ṣírò rẹ̀ ní 2015 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 èèyàn ni oúnjẹ àìmọ́ ń dá dùbúlẹ̀ lágbàáyé lọ́dọọdún, tí 420,000 sì ń kú. Ọmọ tó ń fọ abọ́ fún mi jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí a délé, mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó ní, "Màámi, wọ́n ní ká máa fọwọ́." Kò kúkú parọ́.

Èmi bá lọ ra osùn lọ́jà Ọba. Osùn tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára náà ni. Láàárọ̀ kùtù, kí a tó dáná rárá, mo fi òróró pò ó, mo fi ra àtẹ́lẹwọ́ ọmọkùnrin tó ń gé ẹran. Mo ní kí gbogbo wọn máa ṣe bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ìkòkò òfìfo àti pákó lásán ni kí wọ́n lò. Kò pẹ́ tí mo fi ní kí wọ́n dúró ká jọ wá osùn kiri. Ó wà létí ìkòkò. Ó wà lára ike iyọ̀, lára ìlẹ̀kùn firísà, lára fóònù ọmọkùnrin náà torí pé ẹnìkan pè é, ó sì wà létí òun fúnra rẹ̀. Èyí tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni ti ṣíbí tí a fi ń bu iyán. Ọmọkùnrin náà ń búra pé òun ò débẹ̀, òótọ́ ló sì ń sọ. Ọmọbìnrin tó ń gún iyán ló yá ọ̀bẹ rẹ̀ lò, tó wá fi ọwọ́ yẹn mú ṣíbí. Mo ní kí wọ́n gbà pé omi ẹran tútù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń gé ẹran kì í dá sí iyán, mo sì so òwú pupa mọ́ èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ kí ẹlòmíì má baà ṣèèṣì mú un.

Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ fọ osùn náà kúrò ni ẹ̀kọ́ yé wọn. Omi lásán kò mú un. Ọṣẹ ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, àárín ìka, abẹ́ èékánná. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ tí gbogbo wa sáré rà nígbà Kòrónà ní 2020 ni a ṣì ń lò. Ọ̀pọ̀ ti sọ tiwọn di àgbá kẹrosíìnì. Ẹ má sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́. Mo ti rí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́, tó fi gbowó, tó fi họ orí, tó tún fi bu ẹran, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun mọ́ ju gbogbo ayé lọ.

Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ti inú kúlà mi ò gbọdọ̀ ṣàìjóni lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i wìtìwìtì, nítorí náà mo ra tẹmómítà oúnjẹ. Ohun tó bá ti wá sílẹ̀ kọjá 60°C, a kì í jẹ́ kó lò ju wákàtí méjì lọ. Ti ìrẹsì ni mo le sí jù. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ó lè sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle tí omi híhó ò ní rí i pa. Tí ìrẹsì bá wá sùn sílẹ̀, á jí, á tu oró sínú rẹ̀, oró yẹn kì í sì í kú tí a bá tún un gbé kaná. Irú oró bẹ́ẹ̀ náà ni kòkòrò mìíràn, Staphylococcus, tó wà nínú egbò àti nínú imú ń tu. Ìdí nìyí tí ẹni tí ọ̀bẹ gé níka nígbà tó ń bó iṣu kì í fi í sún mọ́ odó.

Ti eku, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ibà Lassa tí eku ń gbé kiri, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, Òǹdó tó bá wa pààlà náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Gaàrí mi wà nínú ike onídèrí.

Wolé-wolé máa ń wá wo káàdì àyẹ̀wò àwọn ọmọ, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngàn ọjọ́sí: àwa ọ̀gá gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́ jù. A ń sọ fún ọmọ pé tí o bá ń ṣu gbuuru tàbí o ń bì, má wá síbi iṣẹ́, àfi kí wákàtí 48 kọjá lẹ́yìn tó bá ti dá. Tó o bá wá ń yọ owó ọjọ́ tí kò wá, ṣé o rò pé á sọ fún ọ ni? Á gbé oògùn mì, á wá, á máa yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, á padà wá gún iyán. Lọ́dọ̀ tèmi, owó ọjọ́ àìsàn pé pérépéré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àwọn ọmọ á fi ṣe ayédèrú àìsàn. Bóyá ẹnìkan ti ṣe é, n ò wádìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń gún iyán pè mí lálẹ́ pé inú òun ò dáa. Mo ní kó jókòó sílé, èmi fúnra mi ni mo gbé ọmọ odó. Bàbá kan tó máa ń wá jẹ iyán lọ́dọ̀ wa bu òkèlè kan, ó wo kókó inú rẹ̀, ó wò mí, ó ní ìgbà wo lọmọ yẹn ń bọ̀.